Ìka Mẹ́wàá Felismina

Oṣù Karùn-ún ni koríko Alentejo ń ga dé orúnkún,
oṣù Karùn-ún náà ni eégbọn ń gun ṣóńṣó rẹ̀,
tí í na ẹsẹ̀ iwájú bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró.
Farrusco ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀.

Ajá dúdú bí ìdí ìkòkò, ajá tó ti da àgùntàn títí
ojú ọ̀tún rẹ̀ fi funfun.
Bó bá ti abẹ́ igi kọ́ọ̀kì dé nírọ̀lẹ́,
a gbọn etí pàtàpàtà bí ẹni ń gbọn ẹní.

Felismina, ìyá bàbá mi, a gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà,
a bu ọtí líle díẹ̀ sínú ife,
ọtí tí ọkọ rẹ̀ Custódio kò mu tán kó tó kú.
"Kí eégbọn bá a mu èyí tó kù."
A ní, "Ọmọ èédú, wá sanwó ibodè."
Ìka á wọ inú irun. Ìka á rìn. Ìka á dúró.
Abẹ́ etí. Abíyá. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀,
ibi tí eégbọn rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀.
"Má fà á tu bí ẹni ń tu koríko," ó kọ́ mi,
"orí rẹ̀ á kù sínú awọ.
Fi ẹ̀mú mú un nídìí, fà á tààrà,
má lọ́ ọ. Kí ni ò ń kánjú lọ bá?"
Tó! Ó bọ́ sínú ọtí Custódio.

Lálẹ́ Sátidé, rosimárì á hó lórí iná,
a ó gé ọsàn kíkan mẹ́ta sínú rẹ̀, a ó dé e mọ́jú.
Láàárọ̀ a ó fi aṣọ pa á sí irun ẹ̀yìn rẹ̀,
Farrusco á sín, á wò wá bí ẹni tí a yàn jẹ.
Ẹní rẹ̀ ńkọ́? Omi gbígbóná, oòrùn ọ̀sán.
Iná ajá kì í gbé ara ajá nìkan,
orí ẹní ló ń tọ́ ọmọ.

Zeferino aládùúgbò ní kí a fún un ní aáyù jẹ,
pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á rùn, eégbọn á sá.
Ìyá àgbà ní, "Aáyù a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.
Ìwọ ni kó o jẹ ẹ́, Zeferino,
bóyá ẹ̀fọn á fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀."
Ìtìjú mú un, ó kó awó mẹ́fà wá fún wa.
Wọ́n ní eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú,
wọ́n ní kí adìẹ wá ṣà á jẹ; adìẹ ò gbà.
Àwọn awó wọ̀nyí gbà.
Farrusco ń hanrun, wọ́n ń ṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù rẹ̀.

Síbẹ̀, oṣù Keje, ajá kọ oúnjẹ.
Èrìgì rẹ̀ funfun bí ìda.
Eégbọn kan ṣoṣo tí ìka fò.
A gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran ní Évora,
abẹ́rẹ́, oògùn, ìgbànú kan fún ọrùn.
Mo rò pé ìyá àgbà á jiyàn.
Ó kàn ní, "Rosimárì gbìyànjú," ó sanwó.

Ojú òun náà ti ń funfun lọ́dún yìí.
Ìgbànú wà lọ́rùn ajá, eégbọn ò sí mọ́,
ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, àpótí á jáde,
ìka mẹ́wàá á wá ohun tí kò sí nínú irun dúdú,
ajá á mí kanlẹ̀, á gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀.

Lánàá, ó ṣe tán, ó nu ọwọ́.
Ó na ọwọ́ síbi tó ti ń gbọ́ mímí mi.
"Jókòó. Ìwọ náà rin inú koríko."
Ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí mi.